Ibi Tí Èékánná Bàbá Mi Dé

Ilé ìlagi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn Òkè-Àgbò, ní apá ibi tí ọ̀nà ti dojú kọ igbó. Bí èèyàn bá ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè, kí ó tó rí i ni yóò ti gbọ́ ọ, òórùn igi tútù yóò sì ti wá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá mi kì í la igi. Ayùn ni ó ń tọ́jú. Dókítà ayùn ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré débi pé mo sọ ní kíláàsì pé dókítà ni bàbá mi. Tíṣà bi mí pé ọsibítù wo. Mo ní ilé ìlagi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ọdún fi parí.

Ayùn tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí káfíńtà ń fà lọ fà bọ̀. Irin pẹlẹbẹ gbọọrọ ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ìdí bí ìgbànú, eyín sì wà ní etí rẹ̀ kan. Báǹdì ni a ń pè é. Àgbá méjì ni ó ń gbé e yí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ó sì ti ń sáré lórí wọn ni igi ń gba ìdí rẹ̀ kọjá tí ó ń di pákó. Ní gbogbo ìgbà tí báǹdì bá yípo lẹ́ẹ̀kan, yóò tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò nà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ó sì ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Irin pàápàá, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ tó, yóò sán ní kòtò àárín eyín méjì, sísán náà yóò máa wọnú lọ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan báyìí, báǹdì yóò já.

Báǹdì tó bá já lórí eré kì í bọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ń fò jáde ni, ẹni tó bá sì dúró níwájú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá. Ní ilé ìlagi tiwa, àbúrò ìyá mi ọkùnrin ni ó ń dúró níbẹ̀, ẹni tí mo ń pè ní Bùrọ̀dá. Òun ni ó ń darí igi sí ẹnu ayùn. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, ó sì ní ẹnu tí kì í sinmi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì ni ó ti ń pè mí ní Ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀ físíìsì ni mò ń kà. Mo ti ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Ó ní ìwé gbogbo, ìwé ni.

Ohun tí kò jẹ́ kí báǹdì já lu Bùrọ̀dá ni ọwọ́ bàbá mi. Báǹdì mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan á wà lórí ẹ̀rọ, ọ̀kan á wà lórí tábìlì bàbá mi, ọ̀kan á máa sinmi lára ògiri. Èyí tó bá ti orí ẹ̀rọ bọ̀, bàbá mi á fi òkúta tó ń yí pọ́n eyín rẹ̀, á wá gbogbo kòtò àárín eyín wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti rí sísán, á wá ṣóńṣó rẹ̀, ìyẹn ibi tí ó parí sí nínú irin. Á gbé irin kékeré olórí ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní pọ́ńsì sí ibẹ̀ gan-an, á fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ihò kékeré kan tí kò la irin já á wà níbẹ̀. Sísán tó bá ti bá ihò yẹn pàdé, ó máa ń dúró.

Ọmọ tó ń bi ìbéèrè ni mí. Ìyá mi ní bí wọ́n bá ní kí n lọ bu omi, n ó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí omi ti wá. Ọdún tí mo rí ihò yẹn nígbà àkọ́kọ́, mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí sísán fi ń dúró. Kí ni sísán rí níbẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà á?

“Ọmọ yìí, dede nǹkan pátá ni wo fẹ́ bi,” ni ó wí. “Ọ̀gá mi ní Sápẹ́lẹ̀ ní kí n máa lù ú. Mò ń lù ú, é è já. Kí ló kù?”

Lójú tèmi, gbogbo rẹ̀ ló kù. Nígbà tí mo wá di akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n ní kí kálukú wá nǹkan tí yóò fi kọ̀ǹpútà ṣírò, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń mú apá ọkọ̀ òfuurufú tí wọn kò wọ̀ rí, wọ́n ń mú afárá tó wà ní ìlú òyìnbó. Olùkọ́ tó ń tọ́ mi, obìnrin ará Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ebi pa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, bi mí pé ṣé mo lè dé ibi tí ohun tí mo fẹ́ ṣírò wà. Mo ní ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn dé ibẹ̀ láti ilé wa. Ó ní ó dáa, kí n bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kò ju èyí lọ. N ó ya báǹdì sínú rẹ̀, n ó gé e sí wẹ́wẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ onígun mẹ́ta. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo báǹdì. Aládùúgbò rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Bí mo bá fa báǹdì náà, ẹyọ kan á sọ fún èkejì pé ẹrù báyìí ló kan mi, èkejì á sọ fún ẹ̀kẹta, bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú agbo ilé, títí gbogbo wọn á fi fẹnu kò. Ibi tó ti sán kò lè gbé ẹrù mọ́. Ẹyọ tó wà ní ṣóńṣó sísán ni gbogbo ẹrù yẹn á wá dà lé lórí. Kọ̀ǹpútà á wo ẹrù náà, á sọ pé pẹ̀lú èyí, bí báǹdì bá yípo báyìí báyìí, ṣóńṣó á sún síwájú tó báyìí. A ó sún un síwájú, a ó tún báǹdì gé, a ó tún bèèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn. Nígbà tí sísán bá kúrú, bí ìgbín ló ń rìn. Bó ti ń gùn sí i ló ń yára sí i, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í fún èèyàn láyè.

Kí kọ̀ǹpútà tó lè sọ òótọ́, mo ní láti mọ bí sísán ṣe ń rìn ní ti gidi. Mo ra rúlà onírin, mò ń lọ sí ilé ìlagi ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, mò ń wọn sísán láti ẹnu rẹ̀ dé ṣóńṣó. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọ̀kan nínú wọn kò gùn sí i rárá. Ayọ̀ kún inú mi. Mo rò pé mo ti rí ohun tí ayé kò tí ì rí. Bàbá mi jókòó tì mí, ó jẹ́ kí n kà á jáde tán.

“Ibo wo ti ń wọ̀n ọ́n?” ni ó bi mí.

“Láti ẹnu rẹ̀, Bàbá.”

“Ẹnu tí mò ń fi òkúta pọ́n lójoojúmọ́?”

Bí ṣóńṣó ti ń wọnú lọ ni òkúta ń jẹ ẹnu sísán tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí gígùn rẹ̀ fi dúró lójú kan. Ó ní kí n máa wọ̀n láti ẹ̀yìn báǹdì, níbi tí kò sí eyín. “Ẹ̀yìn é è yí padà,” ni ó wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó sọ ọ́ fún Bùrọ̀dá, Bùrọ̀dá sì sọ ọ́ fún gbogbo Òkè-Àgbò.

Ó tó oṣù mélòó kan kí ètò kọ̀ǹpútà mi tó ṣiṣẹ́. Iná á lọ lọ́sàn-án gangan, kọ̀ǹpútà á kú, iṣẹ́ ọjọ́ méjì á wọlẹ̀. Ọjọ́ tí ó ṣiṣẹ́, mo fi ihò pọ́ńsì sí iwájú sísán nínú àwòrán náà, mo ní kí báǹdì máa yí. Sísán ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó débẹ̀, ó falẹ̀, ó dúró. Mo wá rí ìdí rẹ̀. Òòlù ti ki irin pọ̀ ní àyíká ihò náà, irin tí wọ́n ki pọ̀ kò sì gbà. Ó ń ti gbogbo aládùúgbò rẹ̀ padà, ó sì ń fi bẹ́ẹ̀ pa ètè sísán dé. Ẹrù tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ìtìpadà yẹn. Mo ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì. N kò lè jókòó. Mo wọ ọ̀kadà, ó di ilé ìlagi.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. “Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo ti mọ̀ ní Sápẹ́lẹ̀?”

“Ó mọ ìdí rẹ̀, Bàbá.”

“Bá mi kí i,” ni ó wí, ó sì padà sídìí òkúta rẹ̀.

Àwọn báǹdì tó ti kú wà lára ògiri ẹ̀yìn, èyí tí ìpọ́n ti jẹ títí tí wọn kò fẹ̀ mọ́. Bàbá mi kì í da ohunkóhun nù. Mo fi sáńpépà ha ìpẹtà ara wọn, mo sì wo ihò tó wà lára wọn. Sísán gbogbo parí sí ojú ihò tirẹ̀, bí ètò mi ti wí gẹ́lẹ́. Ìgbéraga dé, mo sì wá wọn àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba.

Kò dọ́gba. Sísán kọjá ihò lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Ètò mi ní ó yẹ kí wọ́n dúró, báǹdì ní òun kò gbọ́. Mo rántí ẹni tó ń dúró níwájú wọn, mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé kí ó máa ṣọ́ra. Bùrọ̀dá ní láti ọjọ́ wo ni òun kò ti ṣọ́ra. Ó ní àwọn igi tí wọ́n ń kó wá láti ìsàlẹ̀ omi ló fà á tí báǹdì fi ń sán jù, pé iyanrìn wà nínú èèpo wọn.

Ó jọ ọ̀rọ̀ gidi létí mi. N kì í gbọ́ irú ìyẹn kí n dúró sílé. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìwọ̀pin, níbi tí àwọn igi náà ti ń wá. Mo bá àwọn igi ní etí omi, wọ́n so wọ́n mọ́ra, omi ń gbé wọn lọ sókè sódò. Mo ha iyanrìn inú èèpo wọn sínú ọ̀rá. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ igi wò mí títí, ó ní ṣé kò sí iyanrìn ní Àgọ́-Ìwòyè ni. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n kú iṣẹ́, ó sì yí ojú sí omi. Nígbà tí mo délé, mo fi iyanrìn náà kún ìṣírò: iyanrìn máa ń mú kí eyín kú, eyín tó kú máa ń mú kí ẹrù wúwo sí i, sísán gbogbo á sì yára. Ṣùgbọ́n wọ́n yára dé ojú ihò ni, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Mo yí eré ẹ̀rọ padà, mo yí ooru padà, mo yí bí báǹdì ṣe le tó padà. Sísán inú kọ̀ǹpútà kò kọjá ihò.

Mo kó gbogbo rẹ̀ tọ olùkọ́ mi lọ. Kò wo àwòrán mi aláràbarà rárá. Ó fi ìka sí ìlà kan.

“Níbí, o ní ihò wà ní ṣóńṣó sísán gan-an. Ta ló sọ fún ọ?”

“Bàbá mi ló ń lù ú, Mà.”

“Mo ní ta ló wọ̀n ọ́n?”

Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Gbogbo nǹkan ni mo wọ̀n, mo wọn iyanrìn Ìwọ̀pin, n kò wọn ọwọ́ bàbá mi. Irú àṣìṣe tí ọmọ máa ń ṣe nìyẹn.

Mo dúró ti tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bó bá ti lu ihò kan tán, kí báǹdì tó padà sórí ẹ̀rọ, n ó fi fóònù tí mo lẹ awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá mọ́ lójú yà á. Ihò mẹ́rìnlá ni mo yà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ọ̀kan tó bọ́ sí ṣóńṣó. Gbogbo wọn kù díẹ̀, bí ìdajì hóró ìrẹsì. Sísán ti wà níwájú kí wọ́n tó gbé pọ́ńsì sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti kọjá ẹnubodè kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Olùkọ́ mi wo nọ́ńbà náà, ó ní, “Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n á kọjá nígbà kan, á kù nígbà kan. Èyí kò kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ wá ohun tó ń dá ọwọ́ náà dúró.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàbá mi bí mo ṣe ń wo irin. Kò tan iná orí tábìlì mọ́. Ó máa ń fi èékánná àtàǹpàkò òsì wọ inú kòtò eyín, á máa fà á lọ jẹ́jẹ́, èékánná á dúró, á gbé pọ́ńsì tì í, á lù ú. Kì í tẹ orí ba. Ojú rẹ̀ á wà ní ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò.

Mo mú àlòkù báǹdì kan lọ sílé. Mo di ojú, mo fi èékánná tèmi wá ṣóńṣó sísán, mo fi bírò sàmì sí ibi tí ó dúró, mo sì la ojú. Ó kù bí ìdajì hóró ìrẹsì. Mo tún un ṣe lára òmíràn, bákan náà ni. Mo wá bi kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè tí n kò bi í rí: bí báǹdì bá sùn sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ lórí tábìlì, báwo ni ẹnu sísán ṣe ṣí tó ní ibì kọ̀ọ̀kan? Ó ya ìlà kan tó ń tín-ín-rín lọ títí. Níbi tí ihò bàbá mi wà, àlàfo náà ti kéré ju ohun tí èékánná èèyàn lè mọ̀. Ṣóńṣó gidi wà níwájú, níbi tí ó jẹ́ pé ojú nìkan ló lè rí i.

Bàbá mi kò ríran mọ́.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan tí mo bá a lórí ẹní, tó ń ké Yásìn pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dùn, Kùránì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ojú ewé tó ṣí sí jẹ́ ti ìparí ìwé, níbi tí àwọn súrà kéékèèké wà, Yásìn kò sì sí níbẹ̀. Mo rí i lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó há a sórí ni, mo sì kọjá lọ. Ó dùn mí wọra. Èmi tí mò ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, n kò bi í léyìí.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò fara sin. Kí n dìde, kí n lọ sọ fún un pé ihò rẹ̀ kò dá nǹkan kan dúró mọ́, kí Bùrọ̀dá kúrò níwájú báǹdì. N kò lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé kí n tún ìṣírò náà ṣe, bóyá ẹyọ mi tóbi jù, bóyá mo kọ nọ́ńbà kan sódì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, èsì kan náà ló ń mú wá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá la ẹnu, iṣẹ́ tí bàbá mi fi tọ́ wa, tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti Òkè-Àgbò dé Ìlápòrú, ti parí nìyẹn, èmi ọmọ rẹ̀ ni n ó sì parí rẹ̀. Mo ń wá ọjọ́ tí yóò dáa láti sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń pe Bùrọ̀dá lórí fóònù láti bi í pé igi mélòó ni ó là lọ́jọ́ náà, nítorí iye yíyípo ni ètò mi ń jẹ. Á sọ iye rẹ̀, á ní, “Ẹnjiníà, ṣé ká fi ugi kan ránṣẹ́ sí wọ ni?” N ó rẹ́rìn-ín, n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá sì ti gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, ara á tù mí, n ó ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́ kẹsàn-án bọ́ sí Ọjọ́rú. Mo bá bàbá mi lẹ́yìn ìrun alásárì, báǹdì kan nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, èkejì ń ké lórí ẹ̀rọ nínú ilé ńlá tí wọ́n ti ń la igi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lu ihò kan tán. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ fò lọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èékánná yín wá ibi tí sísán yìí parí sí fún mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Wo fẹ́ kọ́ uṣẹ́ ni?” Ó fà á lọ, ó dúró létí ihò tuntun náà. “Òun rèé.”

“Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò.” Mo di báǹdì náà mú ní apá méjèèjì, mo tẹ̀ ẹ́ sí etí tábìlì títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ká díẹ̀, bó ti máa ń ká lórí àgbá. “Ẹ máa fà á bọ̀.”

Èékánná rẹ̀ kọjá ihò.

Ó lọ síwájú, ó dúró. Ó dá a padà sí ẹnu sísán, ó tún un fà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún kọjá. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n fi báǹdì sílẹ̀ kí ó sùn; ó fà á, èékánná dúró létí ihò. Ó ní kí n tún un tẹ̀.

“Ó ń ṣí nígbà tó bá tẹ̀ ni, Bàbá. Bó bá sùn, ibẹ̀ tín-ín-rín jù fún èékánná. Ojú ló lè rí i.”

Ó yí orí sí mi. Etí mi ni ó ń wò, kì í ṣe ojú mi. “Éyìí tó wà lórí ẹ̀rọ ńkọ́?”

“Bákan náà ni.”

Ó dìde. Ó ta ẹsẹ̀ mọ́ korobá, omi dà, kò dúró. Ó fi ọwọ́ tọ ògiri, ó wọ ilé ńlá, mo sì gbọ́ tí ó ké orúkọ àbísọ Bùrọ̀dá pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ṣí fìlà, ó ń jù ú sókè kí wọ́n lè rí i, kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì pa ẹ̀rọ. Igi kan há sí ìdajì. Bùrọ̀dá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èérún pákó ní ìpéǹpéjú, ó ń bèèrè ẹni tó kú.

Bàbá mi di apá rẹ̀ mú, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀. “Tú u sílẹ̀,” ni ó wí. “Mé è rí ojú sísán mọ́. Ó ti tó ọdún kan. Mo rò pé ọwọ́ mi tó o.”

Bùrọ̀dá fi ọwọ́ nu èérún pákó kúrò lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló tú báǹdì náà, ó sì gbé e sí ilẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì.

Nígbà tí bàbá mi padà dé ìdí tábìlì, mo ti múra láti tù ú nínú. Mo fẹ́ sọ pé dókítà ojú wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé n ó mú un lọ. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

“Láti ìgbà wo ni wo ti mọ̀?”

“Ọjọ́ mẹ́sàn-án, Bàbá.”

“Ujọ́ mẹ́sàn-án.”

“Mò ń tún un ṣírò ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ mọ́.”

Nínú ilé ńlá, wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n fa igi tó há náà padà sẹ́yìn.

“Ugi mélòó ni Bùrọ̀dá là níwájú báǹdì yẹn láàárín ujọ́ mẹ́sàn-án?”

N kò fura tẹ́lẹ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n sórí. N kò wo ìwé, n kò wo fóònù.

“Mẹ́rìndínláàádọ́jọ.”

Ó ní kí n tún un sọ.